Àpótí Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbíyìí Kò Fẹ́ Rí

Ẹni tó bá ní òun ò mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adédàpọ̀ Akínbíyìí, ẹ bi í dáadáa, ó lè jẹ́ àlejò ni ní Port Harcourt. Bí kì í bá ṣe àlejò, tí kò sì mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì gbọ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láyé, torí bó bá gbọ́, á wá a lọ sílé, á lọ sọ ara rẹ̀ fún un.

Olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni, ní yunifásítì kan tí ẹ kò ní rí bí ẹ bá wá a kiri ìlú náà títí di ọ̀la, torí inú ìtàn mi nìkan ló wà. Olórí ẹ̀ka ni mo wí o, ẹ gbọ́ mi yé. N kò sọ pé ọ̀gá yunifásítì, n kò sì sọ pé gómìnà. Ẹ̀ka tó ní yàrá mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ kan, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rò pé òun ló fi ọwọ́ di odò Bonny mú kí ó má baà ṣàn wọ ilé oníilé.

Bó bá fẹ́ wọ kíláàsì, Dókítà Adétúnjí ló ń ṣáájú rẹ̀. Olùkọ́ ni Adétúnjí yìí náà, ó kàwé títí irun fi re lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí ó gbé báàgì ọ̀gá. Á fi áńkáṣíìfù nu àga, á fẹnu fẹ́ ibi tí eruku kù sí, á wá dúró gbọnyin, á ní, "Ẹ dìde fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ẹnjiníà, Alàgbà, Baba Kọ̀ǹpútà ní gbogbo etí odò, Olórí wa lónìí, lọ́la, àti lọ́túnla." Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ láàárín rẹ̀, Adétúnjí á tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀fìnkìn bá ń jà ní họ́sítẹ̀lì, wọn kì í rí nǹkan kan kọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tún ti pàṣẹ pé kí fọ́tò òun wà lójú gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ́kọ́ tẹ "Ẹ káàárọ̀, sà" kí ó tó lè ṣe ohunkóhun. Ó di ọ̀sán, ó di ìrọ̀lẹ́, "Ẹ káàárọ̀, sà" náà ni, torí kò sẹ́ni tó láyà láti lọ béèrè bóyá kí wọ́n yí i. Ojú rẹ̀ sì ti ń wo ibòmíràn pẹ̀lú: ìjókòó Díìnì, ìyẹn ẹni tó ń ṣàkóso gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì pátá, máa ṣófo lọ́dún náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti lọ dán jókòó lórí àga ọ̀hún lọ́jọ́ tí onítọ̀hún kò sí níbẹ̀. Ó ní ó bá òun lára mu.

Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ ọdún ìparí ni bí a ṣe ń ya àwòrán dátábéèsì. Kí n má fi ìmọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ o, ẹ̀kọ́ gidi ni. Kí ènìyàn tó kó ohun tó mọ̀ nípa ilé-ìwé tàbí ilé-iṣẹ́ kan sínú kọ̀ǹpútà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó, kí ó ya àpótí sínú ìwé: èyí ni ènìyàn, èyí ni ipò, èyí ni kíláàsì. Á wá fa ìlà tó so wọ́n pọ̀, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ ta ló ń ṣe kí ni, àti láti ìgbà wo. Bí àwòrán náà bá wọ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ á wọ́. Kọ̀ǹpútà kò ní làákàyè tirẹ̀, ohun tí a bá ní kí ó gbà gbọ́ náà ló ń gbà gbọ́.

Ní 2014 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí kálukú ya àwòrán ẹ̀ka tiwọn gan-an wá. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, Hannah Akínwándé, ọmọ òṣìṣẹ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Onne, èbúté tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù. Port Harcourt ni wọ́n ti bí i. Yorùbá rẹ̀ a máa ta kókó díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbé Pijin kalẹ̀, ẹ ó sá fún un. Hannah ya tirẹ̀ mọ́ rekete. Ó ya àpótí fún ènìyàn, ó ya àpótí fún ipò, ó wá ya èyí tó wà láàárín wọn, tó ń sọ ta ló wà ní ipò wo. Nínú èyí tó wà láàárín yìí ló ti kọ "ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀" àti "ọjọ́ tó parí" sí. Níwájú orúkọ Akínbíyìí, ó kọ 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìparí sílẹ̀ lófìfo.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìwé náà, ó wò ó, ó sún un jìnnà sójú, ó tún sún un mọ́ra. Òyìnbó ló fi ń kọ́ni látàárọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kì í gbé inú òyìnbó. Bí nǹkan bá ti dùn ún dé ìfun, Yorùbá ló ń bá jáde, tí àwọn ọmọ Ikwerre àti Ogoni á sì máa wo ara wọn lójú.

"Hannah, ta ló fẹ́ kú?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ kú, sà."

"Àpótí wo wá ni èyí, tí o kọ 'ọjọ́ tó parí' sí orí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi?"

"Òfìfo ni, sà. A ò tíì kọ nǹkan kan sí i."

"O gbẹ́ kòtò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o wá ń sọ fún mi pé o ò tíì sin ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára ọkùnrin náà nìyẹn. Ó ti lo kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí ọ̀kan ṣoṣo ń gba ìdajì yàrá, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti kọ ìparí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, àfọ̀ṣẹ ló kà á sí. Adétúnjí náà ti ń mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ní, "Ọba kì í kú, sà. Ọba ń wàjà ni. Ọmọ yìí ò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Hannah kò wo Adétúnjí. Ó ní, "Sà, àwọn tó ṣe olórí ṣáájú yín ńkọ́? Bí a ò bá kọ ìgbà tí wọ́n parí, kọ̀ǹpútà á rò pé wọ́n ṣì wà lórí àga."

"Kọ̀ǹpútà tí èmi rà? Kọ̀ǹpútà yẹn mọ̀ mí."

Ló bá dìde, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ sísàlẹ̀, ó padà sínú òyìnbó, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ fi kú kí ó tó parí. Ó ní òun ti rìn láyé, òun ti jẹun pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé ní orílẹ̀-èdè tí yìnyín ń bọ́, kò síbi tí wọ́n ti ń fi ìparí lọ àgbà. Ó ní àléébù tó wà nínú gbogbo dátábéèsì ayé nìyẹn, pé wọ́n kún fún èrò ikú, òun Akínbíyìí ni Ọlọ́run sì rán wá wò wọ́n sàn. Láti ọjọ́ náà lọ, àwòrán kankan tó bá ní àpótí ìparí nínú, ì báà ṣe ti olórí, ti olùkọ́, tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, òdo ni. Adétúnjí bú sí àtẹ́wọ́ nínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó bá a pa á, ó sì pa á títí iná fi dé.

Nígbà tí ìdánwò dé, ìbéèrè kan náà ló jáde. Àwọn yòókù ya ohun tí bàbá fẹ́. Hannah ya àpótí rẹ̀ síbẹ̀, ó gba òdo.

Òdo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí kò bá yege nínú iṣẹ́ kan yìí, kò lè gba oyè, kò sì lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Bàbá rẹ̀ ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀, ilé ìjọba tí wọ́n ń gbé á bọ́ lọ́wọ́ wọn, gbogbo ìdílé ń kó padà sí Abẹ́òkúta. Òun nìkan ló máa ṣẹ́kù ní Port Harcourt fún odindi ọdún kan, láìnílé, nítorí àpótí kan. Ẹ̀rù bà á, kí n má purọ́ fún yín. Ó sunkún ní balùwẹ̀, ó bọ́jú, ó jáde.

Bàbá rẹ̀ ní, "Hannah, ya ohun tó bá fẹ́ fún un. Ṣé àpótí kan péré ni? Tó bá ní kí o ya ẹṣin sí i, ya ẹṣin."

"Daddy, tí ẹrù bá wọlé ní wọ́ọ̀fù, tí ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé, tí ẹ ò kọ ọjọ́ tó jáde ńkọ́?"

"Wọ́n á ní ó ṣì wà ní wọ́ọ̀fù. Wọ́n á máa wá a lọ́wọ́ mi títí mo fi máa kú."

"Ẹn-ẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó gbé bàsíà ẹja àrọ̀ kan tí wọ́n ṣì ń jà nínú omi, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní ọmọdé lọmọdé ń jẹ́, kí wọ́n fojú àánú wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, torí ó fẹ́ràn bí ọkùnrin tó ní ìràwọ̀ léjìká ṣe ń rí nílẹ̀. Ó wá ní kò burú, òun jẹ́ baba. Hannah á tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn tí àwọn àlejò Àbújá bá ti lọ, ní ọ́fíìsì Olórí Ẹ̀ka, Olórí Ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ni yóò sì máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àpótí yẹn bá tún yọjú, kí ó lọ wá yunifásítì míràn.

Àwọn àlejò Àbújá tó ń wí yìí ni àwọn tó máa ń wá yẹ ẹ̀ka wò, bóyá ó yẹ kí ó máa fúnni ní oyè. Bí wọ́n bá yìn ín, Díìnì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá pinnu pé òun á fi dátábéèsì òun kí wọn káàbọ̀. Ó ní kí Adétúnjí kó gbogbo ènìyàn tó ti gba ẹ̀ka náà kọjá láti 1999 sínú rẹ̀, láìsí ìparí fún ẹnikẹ́ni, kí ó sì so ó mọ́ fóònù, kí ó lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ó pe ọ̀gá yunifásítì, ó gé rìbọ́nì, ó ní, "Láti òní lọ, ohun tí kọ̀ǹpútà yìí bá wí labẹ gé. Bí ènìyàn bá sọ tirẹ̀, tí kọ̀ǹpútà sọ tirẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ni kí ẹ gbà." Ọ̀gá yunifásítì mi orí, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá báńkì kan ní Trans-Amadi, tó ti gboyè jáde láti 2004, gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní họ́sítẹ̀lì ti ṣetán, kí ó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Ìyàwó ilé kan tó ti bímọ mẹ́ta gbọ́ pé bí òun kò bá yéé sá kíláàsì, wọn yóò ránṣẹ́ sí òbí òun. Olóògbé Yẹ̀kínì, olùkọ́ ìṣirò tó kú ní 2006, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ni kọ̀ǹpútà fún ní kíláàsì àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn ọmọ ọdún kìíní jókòó dè é. Nígbà tó pẹ́, ẹnì kan ní kí àwọn máa lọ. Ẹnì kejì ní, "Make we wait. E go soon come."

Ẹ ó rò pé Ọ̀jọ̀gbọ́n á fura. Rárá o. Kọ̀ǹpútà sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà ní kíláàsì lójúkojú kò pé irinwó. Inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ó ní, "Adétúnjí, wo bí mo ṣe mú ẹ̀ka yìí gbilẹ̀." Adétúnjí ní òun náà ti ń rí i pé àyè ń há.

Ọ̀kan wà tó ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun síbi tí òun fúnra òun fẹ́ lọ, kí ó lè dà bíi pé wọ́n bẹ òun ni. Fún ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìpè sí ara rẹ̀: "Olórí wa ọ̀wọ́n, àga yín ń dúró dè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ aṣọ ẹ̀yẹ yín, kí ẹ wá gba àlejò wa." Ó ní kí Adétúnjí fi ránṣẹ́ sí Olórí Ẹ̀ka. Adétúnjí tẹ Olórí Ẹ̀ka. Kọ̀ǹpútà, tí kò mọ ẹnikẹ́ni tó ti kúrò lórí oyè rí, fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Papa Boma. Òun ni olórí àkọ́kọ́, láti 1999, ọmọ Kalabari tó ti fẹ̀yìn tì sí Rumuolumeni, tó ń sin ẹja. Ó wọ ẹ̀wù gígùn oníbọ́tìnnì wúrà, ó dé fìlà ribiti, ó mú ọ̀pá dání. Ó wọ ọ́fíìsì, ó rí àga tó ń dúró dè é bí wọ́n ṣe wí, ó jókòó. Ẹnì kejì wá láti Isiokpo, bọ́ọ̀sì ló wọ̀, ó gbé ẹ̀gẹ́ wá láti oko rẹ̀ fún àwọn àlejò. Ẹnì kẹta, tó ń ṣe kọ́ńtírákì ní Alesa, wá pẹ̀lú akoto ilé-iṣẹ́ lórí. Ẹnì kẹrin wà ní Kánádà, ó fi fóònù bẹ̀bẹ̀ pé òun kò ní lè wá, kí àwọn ẹgbẹ́ òun máa bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn àlejò Àbújá náà dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fàdílátù ló ṣáájú wọn, obìnrin kékeré kan tó ń wo nǹkan láìyára láti ẹ̀yìn awò ojú rẹ̀. Wọ́n bá àwọn bàbá mẹ́ta, wọ́n kí wọn, wọ́n jókòó. Ìgbà náà ni Akínbíyìí tó wá yọ. Ó ti dúró sínú ọkọ̀ tipẹ́, kí ó lè wọlé lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Adétúnjí ń bọ̀ níwájú, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, kò rí ẹnikẹ́ni, ó ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ dìde fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ẹnjiníà, Alàgbà, Baba Kọ̀ǹpútà ní gbogbo etí odò, Olórí wa lónìí, lọ́la, àti lọ́túnla."

Gbogbo àwọn tó kù dìde. Papa Boma gbé ọwọ́ sókè láti orí àga. "Thank you, my pikin. Una well done. Siddon, siddon."

Wọ́n jókòó. Akínbíyìí nìkan ló kù lóòró, torí àga ti tán.

Ó ní, "Papa, àga mi ni ẹ jókòó lé."

Papa Boma yọ fóònù, ó fi hàn án. "Na una call me. See am. Dem say my chair dey wait me, and true true, e dey wait."

Fàdílátù bojú wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó béèrè pé ta gan-an ni Olórí Ẹ̀ka. Ẹnu mẹ́rin ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé ohun tí kọ̀ǹpútà yín bá wí labẹ gé. Ẹ jẹ́ ká bi í."

Adétúnjí tẹ "Ẹ káàárọ̀, sà", ó sì bi í. Kọ̀ǹpútà to olórí márùn-ún sílẹ̀, Boma lókè, Akínbíyìí nísàlẹ̀ pátápátá, gbogbo wọn wà lórí oyè. Fàdílátù béèrè pé ọjọ́ wo ni Papa Boma kúrò níbẹ̀. Adétúnjí wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Kò sí ibi tí wọ́n ń gbà kúrò nínú rẹ̀, mà."

Obìnrin náà béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ó béèrè iye olùkọ́. Kọ̀ǹpútà kà wọ́n. Ó ní kí wọ́n pe ọ̀kan wá fún òun, kí òun bá a sọ̀rọ̀, ó sì na ìka sí orúkọ kan láìmọ̀ọ́mọ̀. Orúkọ Yẹ̀kínì ni.

"Ó ti kú, mà," ni Akínbíyìí wí jẹ́jẹ́.

"Ó ń kọ́ni lọ́jọ́ Ajé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Fàdílátù gbé ìwé sójú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn tó ń bá a rìn ń wo àjà. Akínbíyìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ìmọ̀ tuntun ni, pé òun fi lé ikú kúrò nínú dátábéèsì ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ẹni Isiokpo ń pín ẹ̀gẹ́ fún àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́.

Àwọn àlejò lọ, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí: ẹ̀ka kan, olórí márùn-ún, àkúdàáyà kan tó ń kọ́ni. Wọ́n fún wọn ní oṣù díẹ̀ láti tún ilé wọn ṣe. Ọ̀gá yunifásítì ké sí ìgbìmọ̀. Òfin ti wà nílẹ̀ pé ti kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n gbà, Akínbíyìí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀gá yunifásítì wá ní níwọ̀n bí olórí ti pọ̀, kí èyí tó dàgbà jù máa ṣe é lọ, títí wọn yóò fi tún kọ̀ǹpútà ṣe. Bí Papa Boma ṣe fi omi ẹja rẹ̀ sílẹ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ ìdánwò Hannah pé. Kò sùn dáadáa. Ó wọ ọ́fíìsì Olórí Ẹ̀ka, ó sì pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun á yà á bó ṣe yẹ kí ó rí, kí Ọlọ́run ṣe èyí tó kù. Papa Boma ló bá níbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Hannah ya àwòrán rẹ̀, ó gbé e fún un. Bàbá náà fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

"This one na when person enter?"

"Yes, sir."

"And this one na when e commot?"

"Yes, sir."

Papa Boma gbé ìwé náà kalẹ̀. "If una get this thing since, nobody for drag me from my fish." Ó máàkì rẹ̀, ó fún un ní máàkì tó ga, ó ní àwòrán rẹ̀ ni ẹ̀ka máa lò, kí Hannah wá fọwọ́ ara rẹ̀ kó o sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó lọ. Hannah jáde, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé gbọ́ èémí rẹ̀, ó ti mọ̀, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi, ó ṣeun," ó ń wí i lórí wọ́ọ̀fù tí gbogbo ènìyàn ń wò ó.

Akínbíyìí ńkọ́? Ó ń wá sí ẹ̀ka láàárọ̀, ó ń wá ibi jókòó. Ó dé ọjọ́ kan, ó rí Adétúnjí tó ń gbé ọ̀pá Papa Boma bọ̀ níwájú, tó ń fẹnu fẹ́ eruku. Adétúnjí kí i, ó yára kí i, ó sì kọjá. Ìyẹn dun Ọ̀jọ̀gbọ́n ju ọ̀rọ̀ àga lọ. Ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, kò ṣíná ọkọ̀.

Ẹ̀wẹ̀, àkókò Díìnì tó. Ó kọ̀wé pé òun fẹ́ du ipò náà. Wọ́n dá ìwé náà padà fún un. Wọ́n ní òfin kò gba kí ẹni tó wà lórí oyè kan tún du òmíràn, kọ̀ǹpútà sì ní ó ṣì jẹ́ Olórí Ẹ̀ka, kò sọ pé yóò parí láé. Ó lọ bá wọn, ó ní òun kì í ṣe olórí mọ́, ojú ayé rí i, Papa Boma ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ ní bí ènìyàn bá sọ tirẹ̀, tí kọ̀ǹpútà sọ tirẹ̀..." Kò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀.

Hannah wà ní yàrá kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Bàbá rẹ̀ ti di ẹrù sọ́kọ̀, ó ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, òun nìkan, ó gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Hannah. Àpótí yẹn. Ṣé o ti yà á sí i?"

"Mo ti yà á, sà."

"Jọ̀ọ́, bá mi kọ nǹkan sí tèmi."

"Ọjọ́ wo ni kí n kọ, sà?"

Ó nira fún un, ojú rẹ̀ sọ ọ́. Kí n tètè sọ fún yín, Díìnì náà kò tún bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyá kan láti ẹ̀ka bàólójì ló gbà á, Ọ̀jọ̀gbọ́n wa sì padà di olùkọ́ tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ń sá kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyẹn nígbà náà. Ó ní, "Kọ ti òní."

Hannah tẹ̀ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú, ó ti pa ojú dé ìdajì, ó ń retí pé orúkọ òun á parẹ́. Kò parẹ́. Akínbíyìí wà níbẹ̀, 2008 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

"Mo ṣì wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀, sà. Ẹ ṣe é, ẹ sì parí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní ẹ ò ṣe é."

Ó jókòó lórí àga tí ẹnikẹ́ni kò nù fún un. Ó wo orúkọ náà títí. Ó wá béèrè bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ọmọ náà ni, ó ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Ibo lo wà?"

Hannah ṣí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, àpótí kejì ṣófo. Fèrè ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dún lẹ́nu géètì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọjọ́ òní sínú rẹ̀, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ ṣé, sà. Èmi náà ti parí."